Kí Ló Dé Tí A Ń Rọ Irin, Tí A sì Ń Da Idẹ?

Bí alágbẹ̀dẹ bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkìrun, ní Ìníṣà tàbí ní Òkukù, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó ń lò. Irin, rírọ ni wọ́n ń rọ ọ́. Idẹ, dídà ni wọ́n ń dà á. Ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ, ẹ̀wọ̀n: ẹni tó ṣe wọ́n rọ wọ́n ni. Ẹdan Ògbóni, ẹ̀gbà ọwọ́, ṣaworo: ẹni tó ṣe wọ́n dà wọ́n ni. Kò sí ẹni tó fi ìwé kọ́ wa ní ìyàtọ̀ yìí. Èdè wa ló gbé e pọ̀n láti ayébáyé. Ìdí rẹ̀ sì wà nínú ohun tó so átọ́ọ̀mù kan mọ́ èkejì, ohun tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò rí ìdí rẹ̀ títí ọ̀rúndún ogún fi wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n bá a dé, nítorí ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń há a sórí nínú kíláàsì bí ohun tó ti òkèèrè wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe é.

Ibi iná ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Kí irin tó di omi, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé dígírì 1538. Ti bàbà jẹ́ 1085. Idẹ, tí í ṣe bàbà tí a pò mọ́ síǹkì, kì í tilẹ̀ dé 1000 bí síǹkì inú rẹ̀ bá tó ìdá 30 nínú 100. Ìléru tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi èédú igi dáná sí, iná inú rẹ̀ lè dé nǹkan bí 1200 tàbí kó lé díẹ̀. Iná yẹn borí bàbà, kò borí irin. Èéfín èédú tó ń jó á gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin, ìdàrọ́ á yọ́, á sì ṣàn, ṣùgbọ́n irin fúnra rẹ̀ kì í ṣàn. Á ṣùjọ, á lihò lára bíi kànìnkànìn, alágbẹ̀dẹ á wá gbé e lé owú, á fi ọmọ owú lù ú títí ìdàrọ́ tó há sínú rẹ̀ yóò fi jáde. Bó ṣe di pé à ń rọ irin nìyẹn. Kì í ṣe pé a kò gbọ́n tó láti dà á. Iná wa ló kú díẹ̀ kó tó o.

Òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ òde fún ìjọba Èkó nígbà náà, tẹ ìwé jáde ní 1904 lórí irú ìléru bẹ́ẹ̀ tó rí ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níhìn-ín, Ìsúndúnrin ní agbègbè Èjìgbò ni ìtàn yíyọ́ irin rẹ̀ wọ ìwé jù. Nígbà tí ọ̀pá irin òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba etíkun wọlé ní owó pọ́ọ́kú, iná ìléru kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná àgbẹ̀dẹ kò kú, nítorí àgbẹ̀dẹ kì í bi irin léèrè ibi tó ti wá.

Ẹ wá wo ẹdan Ògbóni. Èyí tí wọ́n bá ṣe bó ti yẹ ní ọ̀pá irin nínú, idẹ ni wọ́n sì dà bò ó. Wọ́n á fi ìda mọ ère náà yí ọ̀pá irin ká, wọ́n á fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí àyè tó ṣófo. Idẹ ti di omi, irin tó wà láàrin rẹ̀ kò mira. Bí dígírì ìyọ́ wọn bá sún mọ́ra ni, iṣẹ́ náà á bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó da orí Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 mọ èyí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìbòjú Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Bàbà tí kò ní síǹkì tàbí òjé nínú kì í fẹ́ ṣàn dé kọ̀rọ̀, ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tó bá yọ́, ó sì ń hó bó ti ń tutù. Ẹni tó da ìbòjú yẹn láìní àbùkù, ọ̀gá ni níbikíbi láyé.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀ náà? Lórí àtẹ tí onímọ̀ kẹ́mísírì Mendeleev kọ́kọ́ tò ní 1869, tí ó wà lára ògiri yàrá kẹ́mísírì ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama, agbo ilé ńlá kan wà láàrin, ìlà mẹ́wàá ní ìdúró. Irin ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú bàbà, fàdákà, wúrà, nickel, cobalt, chromium, manganese, titanium àti tungsten. Transition metals ni ìwé ń pè wọ́n. Èmi yóò máa pè wọ́n ní ará agbo ilé àárín. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé olúkúlùkù átọ́ọ̀mù wọn ní ìyẹ̀wù kan tí wọ́n ń pè ní d, àyè ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀wù náà sì ń kún díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń rìn láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Síǹkì ló wà ní ìpẹ̀kun. Tirẹ̀ ti kún pátá, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ púpọ̀ kì í fi kà á mọ́ wọn. Aluminium àti òjé kì í ṣe ará ibẹ̀ rárá.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ti ọwọ́ Paul Drude wá, ará Jámánì, ní 1900. Ó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀yìn òde kì í ṣe ti átọ́ọ̀mù kan mọ́ nínú mẹ́tàlì. Ó ti di ti gbogbo ìlú. Wọ́n ń rìn káàkiri bí èrò ọjà, rírìn wọn ló ń gbé iná mànàmáná àti ooru kọjá, àjọni wọn ló sì so àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀. Àlàyé yìí yé ni. Òun ló jẹ́ kí á mọ ìdí tí a fi lè fi òòlù tẹ́ mẹ́tàlì láìfọ́: bí ìtò átọ́ọ̀mù kan bá yẹ̀ lórí èkejì, ìdè kò já, nítorí pé ìdè náà kì í ṣe ti ẹni méjì péré. Amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi ń fọ́. Ibi tí Drude kù sí ni pé kò lè sọ ìdí tí sodium fi ń yọ́ ní dígírì 98, tí irin ń dúró de 1538, tí tungsten sì ń dúró de 3422. Gbogbo wọn ló ń jọ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kí ló wá dé tí ìfẹ́ àwọn kan fi yi ju ti àwọn yòókù?

Felix Bloch, ní 1928, ṣe àtúnṣe kan: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ré kọjá láàrin àwọn átọ́ọ̀mù tó tò dáadáa bí ìgbì omi, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni gbígbọ̀n tí ooru ń gbọn átọ́ọ̀mù àti àjèjì tó bá jókòó sáàrin wọn. Linus Pauling ará Amẹ́ríkà, ní 1938, ní kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀yìn òde nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ ìdè nínú irú mẹ́tàlì bíi irin. Àwọn ti inú ìyẹ̀wù d náà wà níbẹ̀, bíi mẹ́fà lápapọ̀ lára átọ́ọ̀mù kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń fi ojú wọn aṣọ.

Èyí tí èmi gbà pé ó yanjú ọ̀rọ̀ jù lọ ni ti Jacques Friedel, ará Faransé, ní 1969. Bí ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù bá sún mọ́ra, ìyẹ̀wù d wọn á wọ inú ara wọn, á di gbọ̀ngàn kan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá jókòó sí ìdajì ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn náà ń fa àwọn átọ́ọ̀mù mọ́ra. Èyí tó bá jókòó sí ìdajì òkè ń tì wọ́n kúrò lára ara wọn. Ìsàlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kún. Nítorí náà, bí a ti ń rìn láti apá òsì agbo ilé náà, ìdè ń le sí i, títí ìdajì àyè fi kún. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ń tú lára ohun tí àwọn ti ìṣáájú dì. Tungsten wà nítòsí àárín, agbára tó so ó pọ̀ sì tó ìlọ́po méjì ti irin. Ìdí nìyẹn tí òkùn tín-ín-rín inú gílóòbù àtijọ́ fi lè pọ́n tí yóò funfun láìyọ́. Irin ti kọjá àárín díẹ̀. Bàbà ti dé òpin, àyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kún. Síǹkì kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà láti inú ìyẹ̀wù d mọ́, agbára tó so ó pọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ti irin lọ: ó ń yọ́ ní 420, ó sì ń di ooru ní 907. Mercury tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ tilẹ̀ jẹ́ omi títí dé dígírì 39 sísàlẹ̀ òdo, nítorí pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo débi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń sáré bí ẹni tó fẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, èyí tó mú kí ti ẹ̀yìn òde sún mọ́lé, kí wọ́n má fẹ́ bá ẹnikẹ́ni dòwò pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí agbára ìdè yìí láìyọ́ nǹkan kan, kó lọ wo ojú irin tó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Mẹ́tàlì tí ìdè rẹ̀ le kì í fẹ̀ púpọ̀ bí oòrùn bá mú un. Mítà irin kan tí ooru rẹ̀ fi dígírì 100 lé sí i á gùn sí i ní mílímítà 1.2; ti síǹkì á tó 3; ti tungsten kò ní pé ààbọ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nba yẹn tó láti yí ọkọ̀ ojú irin dànù. Irin tó gùn tó mítà 12, tó tutù láàárọ̀, tí oòrùn ọ̀sán fi dígírì 30 kún ooru rẹ̀, á fi mílímítà 4 àti díẹ̀ gùn sí i. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàrin irin méjì, tí ọkọ̀ fi máa ń dún kọ̀-kọ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ ńkọ́? Mẹ́tàlì tó pọ̀ jù láyé ló rí bí fàdákà. Bàbà pọ́n nítorí pé ìmọ́lẹ̀ aró àti ewéko tó bá bọ́ sí i lára ní agbára tó láti gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nínú ìyẹ̀wù d rẹ̀, ó ń gbé wọn mì, pupa ló ń dá padà fún ojú wa. Bí a bá fi síǹkì sí i, àfo tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa fò á fẹ̀ sí i, ewéko á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pupa á di ìyeyè. Idẹ ti Ọ̀ṣun nìyẹn. Ti fàdákà fẹ̀ ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lọ, kò gbé ìkankan mì.

Ìyẹ̀wù d yìí kan náà ló pinnu ẹni tí yóò gbé iná mànàmáná. Nínú bàbà, ìyẹ̀wù náà ti kún, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìnrìn-àjò kò rí ibi yà sí. Nínú irin, àyè ṣì wà, wọ́n ń yà sí i lójú ọ̀nà bí aláàrù tó ń ya ilé gbogbo ọ̀rẹ́. Nevill Mott ló ṣàlàyé èyí ní àárín àwọn ọdún 1930. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé bàbà ń gbé iná ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ gbójú sókè wo wáyà ńlá tó so kọ́ láti òpó dé òpó: aluminium ló wà lóde rẹ̀ tó ń gbé iná, irin ló wà láàrin tó ń gbé ẹrù. Ẹni tó ní ìdè líle kò lè sáré, ẹni tó lè sáré kò ní ìdè líle, wọ́n bá lọ́ wọn pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi ni àdá. Irin lásán, tí kò ní nǹkan nínú, rọ̀. Èédú ló ń mú un le, ìwọ̀nba ni sì ni: sípíríǹgì ọkọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń gé fi rọ àdá kì í ní ju nǹkan bí ìdá 0.6 nínú 100 lọ. Nínú irin tó tutù, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́jọ tó fara kàn án, àyè tó ṣẹ́kù láàrin wọn kéré, èédú kò lè wọ̀ ju ìdá 0.02 lọ. Bí iná bá dé 912, wọ́n á ṣí ìjókòó pa dà, olúkúlùkù á ní aládùúgbò méjìlá, àyè àárín á fẹ̀, èédú tó lé ní ìdá 2 lè wọlé. Bí èédú bá ti wà nínú rẹ̀, ìyípadà náà kì í dúró de 912 mọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 727. Alágbẹ̀dẹ kò ní ohun ìwọn ooru. Àwọ̀ ló ń wò. Ó mọ pupa tó dúdú, pupa tó mọ́, àti èyí tó ń lọ sí ìyeyè. Nígbà tó bá rí èyí tó fẹ́, á ri àdá bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn átọ́ọ̀mù irin fẹ́ padà sí ìjókòó àtijọ́, ṣùgbọ́n èédú ti há sáàrin wọn, kò ráyè jáde. Wàhálà inú yẹn ni líle tí a ń fọwọ́ bà lẹ́nu àdá. Ó le débi pé ó lè ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un yá níná díẹ̀, kí èédú lè rí àyè mí. 

Lílù pàápàá ní ìmọ̀ nínú. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Bàbà tí a bá lù ní tútù á máa le sí i títí yóò fi kọ̀ jálẹ̀, bí a bá tún fi sínú iná, á rọ̀ pa dà. Ní 1934, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Taylor, Orowan àti Polanyi, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dá ṣe tirẹ̀, sọ ìdí rẹ̀: àbùkù inú ìtò átọ́ọ̀mù ló ń rìn nígbà tí mẹ́tàlì bá ń tẹ́, lílù sì ń mú kí àbùkù pọ̀ débi tí wọ́n fi ń dí ara wọn lọ́nà.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà tí kò tíì parí, òòfà irin ni. Onímọ̀ físíìsì kan, Heisenberg, ní 1928, ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní òòfà tirẹ̀, tí wọ́n wá jọ kọjú sí ibì kan náà. Onímọ̀ mìíràn, Stoner, ní àárín sí ìparí àwọn ọdún 1930, ní rárá, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn káàkiri gbọ̀ngàn ló pín sí ọ̀nà méjì, tí apá kan pọ̀ ju èkejì. Òǹkà òòfà tí wọ́n wọ̀n lára irin jẹ́ 2.2 fún átọ́ọ̀mù kan, kì í ṣe 2 tàbí 3 géérégé, èyí gbe Stoner. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin bá gbóná kọjá 770, tí kò fa nǹkan mọ́, òòfà kéékèèké ṣì wà lára átọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n kàn kọjú síbi tó wù wọ́n ni; èyí gbe Heisenberg. Lónìí, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ ń mú lára ti àwọn méjèèjì. Òòfà kan náà yìí ló mú kí manganese yọ́ ní 1246 péré, nígbà tí chromium tó ṣáájú rẹ̀ dé 1907. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé òun náà ló mú kí irin tútù yan ìjókòó aládùúgbò mẹ́jọ. Bí kò bá sí òòfà nínú irin, ìyípadà ìjókòó tí alágbẹ̀dẹ gbẹ́kẹ̀ lé kò ní rí bó ti rí, àdá kò sì ní mú bó ti mú.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn wẹ́dà wa kí n tó dákẹ́. Páànù àti páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ má ṣe wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú yàrá tó há. Síǹkì ń di ooru ní 907, kí irin abẹ́ rẹ̀ tó ronú àtiyọ́. Èéfín funfun tó ń jáde nígbà náà, síǹkì tó ti jó mọ́ ọ́síjìn ni, òun ló ń fa ibà àti òtútù tó ń mú yín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì ha á kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín.

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì àti físíìsì ní Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti Ìgbàyè, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí tó pé, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí àgbẹ̀dẹ tó sún mọ́ yín. Ẹ kí bàbá tí ẹ bá níbẹ̀ bó ti yẹ, ẹ ní àrọ̀yè o. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so òòfà kan kọ́, ẹ bẹ bàbá kó fi ẹ̀mú mú irin tó gbóná dáadáa jáde nínú iná, kó gbé e sún mọ́ òòfà náà láìfara kàn án. Òòfà kò ní mira. Kí àwọn ọmọ dúró, kí wọ́n máa wo irin náà bó ti ń tutù, kí wọ́n sì kọ àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí òòfà bá kọ́kọ́ yíjú sí i. Nǹkan bí dígírì 770 nìyẹn, bí èédú inú irin náà kò bá pọ̀.